Àjàrà Tó Pupa Wọnú

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tọ́jú bàbá òyìnbó kan nílé rẹ̀ nítòsí páàkì Valence nílùú òyìnbó, kí iléeṣẹ́ tó ń rán wa lọ tọ́jú àwọn arúgbó tó fi ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé kún mi. Èmi ń lọ láàárọ̀, òun ń lọ lọ́sàn-án. Anti ló ń pè mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà.

Bàbá náà ní igi àjàrà kan lẹ́yìnkùlé, tó ti fà bo gbogbo ọgbà. Rondo ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, àwọn tó ń gbìn ín kò sì pọ̀. Àjàrà dúdú tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ bá là á, inú rẹ̀ kì í pupa. Èyí pupa wọnú, omi rẹ̀ a sì máa kun ọwọ́ bí osùn. Ọdọọdún ni bàbá ń fi ṣe wáìnì. Mo máa ń rí àwọn ìgò náà, kò fi ọ̀kankan lọ̀ mí rí.

Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé fóònù mi síbẹ̀, mo padà lọ mú un lọ́sàn-án. Mo bá àwọn méjèèjì lẹ́yìnkùlé. Bàbá wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ó ń nawọ́ sí ẹ̀ka tó yẹ ní gígé, ọmọ náà ń gé e. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Láti ọdún méjì, mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ife wáìnì méjì wà lórí tábìlì. Mo mú fóònù mi, mo jáde láìkí ẹnikẹ́ni, kí n sì tó délé, mo ti pe ọ́fíìsì pé ọmọ náà ń mutí lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni físà rẹ̀ wà, pé bí wọ́n bá lé e, ó lè di dandan kó padà sílé. Mo ṣì pè wọ́n.

Wọn ò lé e. Wọ́n kìlọ̀ fún un, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àwọn fúláàtì tuntun ní Barking Riverside. Àràárọ̀ ni bàbá ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi náà á ní mi ò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí àjàrà pọ́n, èmi ni mo ká a. Bàbá wá bu wáìnì ọdún tó kọjá fún mi. Ó dúdú bíi sóbò, ó kan díẹ̀ bí agbálùmọ̀, adùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo mu ún tán, lẹ́nu iṣẹ́, mo sì bi í pé kí ló dé tí kò fún mi láti ọjọ́ yìí.

“O ò béèrè nǹkan kan nípa igi yẹn rí,” ó ní. “Ọmọ yẹn béèrè lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé.”

Ó ní kí n bá òun gbé ìgò wáìnì kan fún ọmọ náà. Èmi àti ọmọ náà pàdé létí odò ní Riverside, mo sì jẹ́wọ́ fún un.

“Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Anti,” ó ní. “Mo kàn tọ́ wáìnì náà wò ni, kí inú bàbá má baà bàjẹ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Ó tú bébà tí bàbá fi wé ìgò náà. Bàbá ti fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n kọ orúkọ ọmọ náà sára ìgò náà, odindi rẹ̀, kò sì ṣì í kọ. Dálíìn ló ń pe èmi, kò pe orúkọ mi rí. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, mo ṣì ń jowú.