Kí Ló Dé Tó Fi Jẹ́ Ọjọ́bọ̀ Nìkan Lọkọ̀ Mi Ń Kú?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ súnmọ́ bí, kí ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má tíì pòṣé o, ọ̀rọ̀ màmá mi wà nínú ẹ̀!

Computer Village ni mo ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, Ifákò-Ìjàyè lèmi àti Màmá ń gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá lọ́dún tó kọjá, ó sì mú wọn lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ òsì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń gbé wọn lọ sí ọsibítù kan n'Íkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà. Ó sì ń ṣiṣẹ́ o! Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé pálọ̀. Àmọ́ wọn ò lè gun bọ́ọ̀sì, wọn ò lè wọ kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ mi nìkan ló kù.

Nígbà tí pọ́ǹpù tó ń fa epo láti inú táǹkì bàjẹ́, mo gbé ọkọ̀ lọ bá Múfú, mẹkáníìkì mi l'Ágége. Ilé kéú kan náà la jọ lọ nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ó bá mi wá pọ́ǹpù tòkunbọ̀ kan, ó fi sí i, ọkọ̀ sì ń lọ wẹ́rẹ́. Mo ṣàdúrà fún un dáadáa.

Àfi bó ṣe di Ọjọ́bọ̀! A ò tíì dé Ògbà tí ọkọ̀ fi kú fin-ín. Mo wo gééjì, epo wà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì. Múfú wá fà wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó yẹ ibí wò, ó yẹ ọ̀hún wò, ó wá ní kí n lọ ra epo wá ká fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n! Mẹkáníìkì wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Mo ra kẹ́ẹ̀gì kan wá, ó dà á sí i, ọkọ̀ jí! A yí gbogbo àdúgbò ká, kò ṣe nǹkan kan. Ó ní wáyà kan ló dẹ̀, òun ti fún un.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún kú. Wọ́n tún fà á, mo tún ra epo, ó tún jí. Lọ́tẹ̀ yìí, Múfú ní ìdọ̀tí ni. Ọjọ́bọ̀ kejì síyẹn ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń dá gbé e lọ síbi iṣẹ́, láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́rú, kì í kú o! Àbí ọkọ̀ tún ń ka ọjọ́ ni?

Ìyá kan tí yàrá wọn kángun sí tiwa ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ṣé mo ṣàkíyèsí pé ìgbà tí Màmá bá wà nínú ọkọ̀ nìkan ló ń kú? Wọ́n ní kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Inú bí mi, mo bá tiwọn lọ. Nǹkan wo ni kí n wá ṣe sí ìyá tó bí mi?

Àṣé Màmá ń gbọ́. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún pé, mo lọ mú wọn, wọn ò tiẹ̀ tíì múra. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, pé orí àwọn ò bá ọkọ̀ mi mu. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tiẹ̀ bá wọn ṣàwàdà kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sógiri. Wọn ò bínú o, wọ́n ti gbà á gbọ́ ni! Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bí wọn ò ṣe lọ mọ́ nìyẹn, èmi náà ò sì gbé ọkọ̀ jáde mọ́ láti Ọjọ́bọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi máa parí. Kò pẹ́ tí ìka ọwọ́ òsì wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. 

Mo wá bi ara mi pé, tí oníbàárà bá gbé láptọ́ọ̀pù tó ń kú wá, kí ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í? Ṣebí mo máa ń bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́ kó tó kú ni? Kí ló dé tí mi ò bi ara mi bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀? Mo jókòó, mo rò ó. Sátidé ni mo máa ń ra epo ọ̀sẹ̀, mi ò sì kì í ra kó kún, ẹ̀yin náà mọ bí epo ṣe wọ́n. Tí mo bá fi wa ọkọ̀ dé Ọjọ́rú, epo ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Tó bá wá kú, tá a bá dé ọ̀dọ̀ Múfú, kí la máa ń ṣe? A máa ń da epo sí i! Àwa fúnra wa là ń wo àìsàn náà sàn kí dókítà tó rí i.

Mo ní màá dán an wò. Mi ò ra epo lọ́sẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo ń wa ọkọ̀ kiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó kú! Àwọn ará ẹ̀yìn ń tẹ họ́ọ̀nù, ọlọ́kadà kan bú mi, èmi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bí ìbejì fún. Ṣé ẹ rí i pé Màmá ò sí níbẹ̀?

Múfú dé, ó tún ní kí n ra epo wá. Mo ní lónìí, kò sí epo! Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ tẹ́ẹ̀sì ọkọ̀ láìsí epo? Mo ní kó kọ́kọ́ ṣí táǹkì. Ó tú ìjókòó ẹ̀yìn, ó ṣí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n wá wò ó. Ẹnu pọ́ǹpù náà rọ̀ sókè, epo wà nísàlẹ̀, wọn ò fojú kanra wọn! Àṣé pọ́ǹpù ọkọ̀ mìíràn ni, ó kúrú ju tèmi lọ. Wọ́n jọra, Múfú ò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtijọ́ kó fi wọ́n wéra.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ mi lẹ̀bi wà."

Nígbà tó ti fi èyí tó bá a mu sí i, mo sọ ohun tí Màmá gbà gbọ́ fún un.  Ó di pọ́ǹpù kúkúrú náà pọ̀ mọ́ tàtijọ́ sínú ọ̀rá, ó tẹ̀ lé mi délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀.

Màmá wo pọ́ǹpù méjèèjì títí. Wọ́n ní kó gbé èyí tó kúrú wá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n nà sí i! Ìka yẹn ń gbọ̀n, ó rọra ń là, ó sì dì í mú.

Wọ́n ní, "Ìwọ kúkúrú yìí! Ìwọ lo fẹ́ sọ mí di àjẹ́?"

Múfú bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí nǹkan bá ń bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó máa ń ṣáájú rẹ̀ kí ẹ tó wo èèyàn. Tí àgbà ilé yín bá sì dákẹ́ lójijì, ẹ wádìí ohun tó ta sí wọn létí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti di ẹ̀bi rù rí nílé yín, tó wá jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló fà á? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á fún Màmá. Wọ́n ní kí ẹ tètè kọ ọ́ o, torí ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, àwọn ò ní sí nílé!