Ògiri Hermelinda

"Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ṣé ògiri máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ ìlú Coro, ní Venezuela, ló bi Eudocia Chirinos bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá a níbi tó ti gbé etí lé ògiri. Eudocia ò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà tí ẹ bá máa fi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti pẹ́ jù."

Ogójì ọdún ló ti fi ń rẹ́ ilé alámọ̀. Ọdún tí òrùlé tirẹ̀ wó, Hermelinda aládùúgbò rẹ̀ ló gbà á sílé títí òjò fi dá. Láti ìgbà náà ni ìkùukùu ti ń já a láyà. Ó ṣèlérí nígbà yẹn pé lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, òun á máa fi amọ̀ rẹ́ ògiri Hermelinda. Kò yẹ àdéhùn náà rí, àfi lọ́dún tó kọjá, tí orúnkún dá a dùbúlẹ̀. Ọmọ Hermelinda ò dúró dè é. Ó fi sìmẹ́ńtì bo amọ̀ náà, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Gbogbo àdúgbò ló yìn ín.

Òjò ti wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta báyìí. Láàárọ̀, Eudocia lọ fi ìka lu ògiri náà wò. Lókè, ó dún bí igbá òfìfo. Nísàlẹ̀, kò dún rárá. Omi tó wọ inú rẹ̀ ò ríbi jáde. Amọ̀ ti yọ́ bí ẹ̀kọ nínú sìmẹ́ńtì.

Ó wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni bẹ́ẹ̀dì Hermelinda wà.

"Dìde, ògiri yìí máa wó, ilé mi là ń lọ."

"Ilé rẹ? Níbi tí adìẹ ti ń sùn lórí àga?"

"Linda, mo bẹ̀ ọ́."

"Ó ń dùn ẹ́ pé ògiri mi rẹwà láìsí ọwọ́ rẹ. Ìwọ tí o ò wá rẹ́ ẹ, ìwọ náà lo tún ń bú u!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àmọ́ ó ń gbọ́ nǹkan: erùpẹ̀ ń já wẹ́wẹ́ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni ń da ìrẹsì sínú abọ́. Ó gbá Hermelinda mú lábíyá, tòun ti orúnkún burúkú yẹn, ó ń wọ́ ọ gba ẹ̀yìnkùlé.

"Bàtà mi! Wèrè ni ẹ́! Jẹ́ n mú bàtà mi!"

Wọn ò tíì dé ìdí kànga tó wà níbẹ̀ tí ògiri fi wó. Ariwo rẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. Bí ìgbà tí màlúù bá dùbúlẹ̀ ni. Amọ̀ bo bẹ́ẹ̀dì títí dé ìrọ̀rí.

Nílé Eudocia, láàárín àwọn adìẹ, Hermelinda ń nu amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà.

"O rò pé o ti san gbèsè rẹ nìyẹn?"

"Rárá o," ni Eudocia wí. "Ògiri ni mo jẹ ọ́."