Ẹ̀jẹ̀ Tí Ọkọ Mi Ń Pè Ní Omi Obì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Niamey, olú ìlú Niger yìí, fún yín. Ẹni tó bá ń fọ eyín lọ́wọ́, kó má dúró o, kó máa fọ̀ ọ́ lọ!

Ọkọ mi, Bàbá Ràṣídà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àǹkárá ló ń tà ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú yìí. Ẹnu ló fi ń tajà. Á fi Hausa pe ẹnì kan, á fi Zarma dá ẹnì kejì dúró, ẹni tí kò gbèrò àtira nǹkan á sì máa tú àpò. Ẹnu yẹn náà ló ń jẹ obì látàárọ̀ dalẹ́. (Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Ẹ fojú fo "ó" tí mò ń lò níbí, inú ló ń bí mi.)

Tó bá tutọ́, itọ́ á pọ́n. Mo ní, "Bàbá Ràṣídà, ẹ̀jẹ̀ rèé o!" Ó ní omi obì ni. Omi obì! Ẹran ìdí eyín rẹ̀ wú, eyín kan ń mì bí ẹsẹ̀ ògbólógbòó àga, ẹnu rẹ̀ ń rùn débi pé àwọn oníbàárà ń kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá a nájà. Ó ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún òun.

Mo ní ká lọ rí dókítà eyín. Háà! Ṣé òun ń ṣàìsàn ni? Ọ̀gbẹ́ni ti di ọ̀jọ̀gbọ́n eyín láìlọ sílé ìwé. Ìtọ́jú tó là sílẹ̀ ni pé kí búrọ́ọ̀ṣì má kan apá ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, kó lè sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti rí ìdọ̀tí tó sinmi tó wá mọ́ rí?

Ni ààwẹ̀ Ramadan bá wọlé. Kò sí obì lẹ́nu lójú mọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sùn díẹ̀, ó jí, ìrọ̀rí pọ́n. Mo gbé ìrọ̀rí síwájú rẹ̀, mo bi í bóyá ìrọ̀rí ló jẹ obì. Ṣé ẹ mọ ohun tó wí? Ó ní obì àná ló há sáàrin eyín! Ó tún ní mò ń ṣọ́ itọ́ òun bí ọlọ́pàá ẹnubodè. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kọjá. A jọ wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ pè mí, ariwo kan ṣáá ló jáde. A sáré gbé e sínú takisí, ó di ọsibítù. Wọ́n ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ó sì le gan-an. Mo sunkún bí ọmọdé.

Dókítà obìnrin kan wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó wá tan iná sí i lẹ́nu. Àbúrò ọkọ mi tó bá wa gbé e wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: apá àti ẹsẹ̀ la gbé wá, ẹnu ló ń yẹ̀ wò! Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú, àmọ́ wọ́n ti ṣàkíyèsí pé àrùn yìí sábà máa ń le jù lára ẹni tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ìdí rẹ̀, òun ò sì lè búra pé eyín ló fà á, àmọ́ ìdọ̀tí ibẹ̀ lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Àbúrò ọkọ mi yára fọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀.

Wọ́n ti tọ́jú ẹnu náà báyìí. Ẹsẹ̀ ti ń gbé díẹ̀díẹ̀ nílé wa ní Talladjé. Ọ̀rọ̀ ni kò jáde. Èmi ni mò ń pe oníbàárà ní ìsọ̀ báyìí, òun á jókòó, á máa wò mí, ó sì ń dùn mí wọra.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tó yé wa. Ọmọ wa ló kọjú sí: "Ràṣídà, lọ fọ eyín ẹ." Ràṣídà fi Faransé jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, "Oui, Baba," ó sá lọ. Mo wọ yàrá lọ nu ojú mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sinmi! Ẹ lọ rí dókítà, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ wá sọ tiyín fún mi: ọ̀rọ̀ wo lẹ fi mú olórí kunkun ilé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín kó tó pẹ́ jù? Èmi wá a títí, n ò rí i.