Ẹrù Wẹ́wẹ́ Bàbá Àgbà Nínú Gíláàsì

"Tú u," ni ìyá àgbà wí, ó sì na abẹ́rẹ́ sí mi kí n tún fi òwú bọ̀ ọ́. "Aago yẹn wọ́."

Mo wo aago ọwọ́ náà títí. Kò wọ́ lójú tèmi. Ṣùgbọ́n mo tú u, nítorí ọmọdé kì í bá ìyá àgbà jiyàn nílé wa ní Iléṣà.

Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, gíláàsì bo ojú rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ló kàn án, òórùn fáníìṣì ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá àgbà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta aṣọ, ti kú nígbà òjò. Ìyá àgbà fẹ́ kó àwọn ẹrù wẹ́wẹ́ rẹ̀ sínú àpótí náà kí a lè gbé e kọ́ sí pálọ̀: aago ọwọ́, awò ojú, òrùka, àlùmọ́gàjí kékeré àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ aṣọ àrán dúdú sí ìsàlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, a wá ń fi òwú dúdú rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Ṣùgbọ́n kò tán. Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, ẹní ti wà nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òrùka sún mọ́ awò jù. Kọ́kọ́rọ́ dorí kodò. Tí gbogbo rẹ̀ bá gún tán, ìyá àgbà yóò gbé àpótí náà dúró, yóò fà sẹ́yìn, yóò di ojú kan, yóò sì pòṣé. "Tú u." Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi okùn fò níta, mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ó sú mi débi pé mo ń lá àlá aago.

Ó sú màmá mi náà. Ó ti sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo pé wọn yóò bá àpótí náà lára ògiri tí wọ́n bá wá ṣọdún Àjíǹde. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ó ránṣẹ́ pe káfíńtà kó wá kan gíláàsì náà pa.

Káfíńtà kó ìṣó sẹ́nu, ó gbé òòlù. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé gíláàsì. "Aago yẹn ṣì wọ́."

"Yèyé, kò wọ́," ni màmá mi wí. "Kò wọ́ lánàá, kò wọ́ lóṣù tó kọjá. Ẹ ti sọ ọmọ yìí di ẹlẹ́wọ̀n. Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Ìyá àgbà kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Tó bá ti kàn án, n kò ní lè fọwọ́ kàn wọ́n mọ́."

Màmá mi rọra jókòó sórí ẹní. Káfíńtà tu àwọn ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n so ó bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ óò lè máa ṣí i."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ má rò pé wàhálà mi tán. Títí ìyá àgbà fi kú ló ń ṣí i, tó ń fi etí ìró nu aago tó ti kú náà, tó ń gbé e sétí, tó sì ń sọ pé ó wọ́. Ta ló ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́? Èmi náà ni, mo sì ń kùn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Òṣogbo pàdánù ọkọ rẹ̀. Bàtà ọkùnrin náà ṣì tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹbí ní kí n bá a sọ̀rọ̀ kó kó wọn tọrẹ, pé ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn. Mo lọ. Mo bá a níbi tó ti ń nù wọ́n. Mo jókòó tì í, mo mú àkísà, mo sì bi í léèrè èwo ni ọkọ rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.