Ibi Kan Ṣoṣo Tí Ó Dúdú Nínú Bíbélì Mi

Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì ti kọjá díẹ̀. Ọyẹ́ mú ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé a kò rí àwọn òkè àpáta tí ó yí ìlú ká. Eruku ti bò wọ́n. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wá ní ẹ̀yìnkùlé mi, lórí àga gbọọrọ méjì àti ẹní kan, níbi tí a ti máa ń gbàdúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aránṣọ ni mí, èmi sì ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà náà. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ìjọ ti fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, n kò sì tíì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní kékeré. Lẹ́yìn tí mo ti ní aya àti ọmọ mẹ́ta ni mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà lédè wa, kí n lè máa ka Bíbélì fúnra mi. Ọdún méjì ni mo fi jókòó tì í. Mo yege ní ìpele kìíní, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, mo sì gbé e kọ́ sára ògiri ìsọ̀ mi. Olùkọ́ ní kí n padà wá fún ìpele kejì. Mo dá a lóhùn pé ohun tí mo wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, sáàmù kan náà ni mo ń kà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà láìkọsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń gba àdúrà kan tí kì í yí padà. Àwọn ará mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n máa ń ṣe àmín kí n tó dé òpin gbólóhùn. Mo ka èyí sí àmì pé ẹgbẹ́ wa fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ìyá àgbà kan tí ó ń yan gààrí nítòsí ilé wa kò ṣe àmín. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú ní abúlé Sakin ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí oko kajú tí bàbá wọn fi sílẹ̀.

"Bàbá Àdúrà," ó ní, "mo ní ìbéèrè kan."

Orúkọ yẹ̀yẹ́ tí ó fún mi nìyẹn, nítorí mo kéré sí àkọ́bí rẹ̀.

"Ẹ máa wí, Ìyá."

"Ẹni tí ó bá àbúrò rẹ̀ jà, tí àbúrò wá kú kí wọ́n tó parí ìjà, kí ni Ọlọ́run ní kí ó ṣe?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, mo tún ṣí sáàmù náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Kò jẹ́ kí n dé ìlà kẹta. Ó gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó pa á dé, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wo etí rẹ̀ níbi tí àwọn ojú ìwé ti pàdé.

"Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí eku ti ń jẹ iṣu. Ẹ wò ó."

Ó gbé e yí ká. Láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn, etí ìwé náà funfun, àfi ibì kan ní àárín, tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, tí òógùn ọwọ́ mi àti eruku ti sọ di dúdú.

"Gbogbo ìyókù yìí ńkọ́? Àbí o ń tọ́jú wọn de àlejò ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láàárín wa, tí ó ń tún alùpùpù ṣe, ní: "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀. Awakọ̀ tí ó mọ ọ̀nà abúlé Ofè nìkan, Ofè náà ni yóò máa gbé yín lọ."

"Sakin ni mo fẹ́ lọ lónìí," ìyá náà dáhùn. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Bíbélì lé mi lẹ́sẹ̀. "Mi ò ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà tí o bá rí nǹkan kà fún mi, o mọ ilé mi."

Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń gé aṣọ, mo ń ka gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún ìjọ láti ọdún mẹ́jọ. Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ara mi léèrè ohun kan tí mo mọ̀ nípa Ọlọ́run lónìí tí n kò mọ̀ ní ọdún kìíní, n kò rí ọ̀kan mú jáde. Ìyá àgbà kan sì ń sunkún nílé, èmi ni ó yẹ kí n bá a wá ọ̀rọ̀ ìtùnú.

Mo ra káyé tuntun, ìwé tí a fi ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé Ìhìn Rere mẹ́rin inú Bíbélì, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, orí kan láràárọ̀ kí n tó ṣí ìsọ̀. Mo máa ń kọ ohun tí kò yé mi sílẹ̀. Káyé náà tètè kún ju bí mo ti rò lọ, mo sì gbé e tọ olùkọ́ wa lọ ní kíláàsì.

"Mo rò pé ohun tí ẹ wá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́," ó ní.

"Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Ọ̀gá."

Ó fa àga fún mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lọ bá ìyá náà nídìí agbada gààrí rẹ̀. Mo sọ fún un ìtàn ọmọ ẹ̀yìn tí ó sẹ́ Olúwa rẹ̀, tí wọ́n sì pa Olúwa náà kí ó tó ráyè tọrọ àforíjì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Kí ni ó wá ṣe?"

"Ó padà lọ pẹja. Nígbà tí Olúwa jíǹde, ó bi í bóyá ó fẹ́ràn òun. Ó wá ní kí ó máa bọ́ àwọn tí òun fẹ́ràn."

"Tirẹ̀ jíǹde. Tèmi wà nínú ilẹ̀ ní Sakin."

Ọwọ́ mi ti ń lọ sí ibi sáàmù náà. Mo dá a dúró.

"Òótọ́ ni, Ìyá. Mi ò tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn."

"Láti ọdún mẹ́jọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo gbọ́ pé nǹkan kan wà tí o kò mọ̀."

Ó padà sí gààrí rẹ̀, ó ń rò ó. Ó ní: "Àbúrò mi ní ọmọbìnrin méjì."

Mo pa Bíbélì dé.

"Ṣé ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí?"

"Ibẹ̀ ni èyí tí mo kà parí sí. Ó ku òmíràn."

"Lọ kà á."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó gbé gààrí lọ sí Sakin fún àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan gbà á; èkejì kò jáde sí i. Ó ti padà sí àdúrà Ọjọ́bọ̀. Orí kan ni a ń kà lọ́sẹ̀ báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀, àdúrà mi kò sì rí bákan náà mọ́: ó máa ń kúrú nígbà mìíràn, mo sì máa ń wá ọ̀rọ̀ tì nínú rẹ̀. Mo wà ní ìpele kejì.