Ọpẹ́ Àárọ̀ Mọ́ńdè

Ẹnu mi yá, sùúrù mi kò sì gùn. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí èmi àti Daddy ìsàlẹ̀ tètè mọwọ́ ara wa. Òyìnbó arúgbó ni, fúláàtì abẹ́ tèmi ló ń gbé ní Glyndon, ní London, òun náà ò ní sùúrù kankan. Nígbà tó yá, a rí i pé a ò lè borí ara wa, la bá di ọ̀rẹ́.

Ológun ojú omi ni nígbà èwe rẹ̀, lórí ọkọ̀ ńlá tí bàálù ti ń gbéra láàárín òkun. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, tíì mi á tutù. Ó ní wọ́n máa ń ká apá bàálù sókè kó lè gbààyè nínú ọkọ̀. Tí ọ̀kan bá sì ń bà, ìkọ́ ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ há mọ́ okùn irin tí wọ́n ta sójú ọkọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú omi ló ń lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sáré wọ inú ariwo àti atẹ́gùn yẹn, kó ki igi bọ abẹ́ táyà, kó sì fi ṣéènì de bàálù mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò fò rí.

"Páílọ́ọ̀tì ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ló máa ń sọ. "Èmi, igi ni mo gbé."

Lọ́dọọdún, ní Sunday tí wọ́n fi ń rántí àwọn ológun, èmi ni mò ń fi mọ́tò gbé e lọ síbi ìrántí náà. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi ti Abẹ́òkúta wá kí mi, ó sì bá wa lọ. Òtútù pọ̀ débi pé ó gbé kóòtù mi wọ̀ lé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè tán, àwọn èèyàn bọ Daddy lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. A ò tíì dé ìdí mọ́tò tí wọ́n ti ń ká àga.

Inú mọ́tò ni Daddy ti sọ pé òun ò ní lọ mọ́ láyé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń so ṣéènì ti kú, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ohun táwọn ṣe mọ́. Ó dùn mí gan-an. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mò ń wá kọ́kọ́rọ́ láti lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Thamesmead, ni mo rí màmá mi tó ti wé gèlè.

"Mummy, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ baba yẹn. Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ àná."

"Wọ́n ti thank ẹ̀ lánàá now. Ní London níbí, ó ti finish nìyẹn."

"Ṣé ọjọ́ kan ló fi ṣe iṣẹ́ náà ni?"

Mo tẹ̀lé e, mò ń kùn. Daddy ṣílẹ̀kùn, pàjámà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí màmá mi lórí ìkúnlẹ̀, ó wojú mi.

"Ta ló kú?"

Mo ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣe wá lóore, a máa ń padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àti pé iṣẹ́ tó ṣe lójú òkun ni màmá mi torí ẹ̀ wá.

"Torí igi yẹn?"

"Torí igi, àti ṣéènì."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Mo ti ń wí fún màmá mi pé, "Ṣé ẹ rí i báyìí?" nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Daddy ti dé fìlà ológun, ó ti fi àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ há àyà pàjámà. Ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó gbọ́wọ́ sí iwájú orí, ó kí màmá mi bí ẹni ń kí ọ̀gá àgbà.

"Ṣé kí n dìde," ni màmá mi bi mí, "àbí ó ṣì kù?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, inú mi sì dùn.

Nígbà tí màmá mi ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé, Daddy gòkè wá. Ó bi mí bóyá màmá mi á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

"Sọ fún un pé màá lọ ní Sunday," ló wí. "Ní Mọ́ńdè, màá ti wọṣọ kó tó dé."