Arlis Mọ̀ọ́mọ̀ Fìdí Rẹmi

Tí ẹ bá dé ìlú wa létí adágún Okeechobee, tí ẹ sì béèrè Arlis Moxey, àwọn kan á ní, "Arlis wo? Èyí tó lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè ọ̀hún, tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò rí?" Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi Vernell ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Bọ́ọ̀sì iléèwé ni mò ń wà, gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ló sì ti jókòó sẹ́yìn mi rí, tí ikun ń ṣàn nímú wọn. Ta ni nínú wọn tó dé ibi tí Arlis dé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n sáré àsápajúdé láti òpin pápá kan, kí wọ́n lọ fi gbogbo ara ya lu ẹni tó bá hán bọ́ọ̀lù lódìkejì. Wọ́n á ya lù ú, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn koríko dànù lára, wọ́n á lọ jókòó. Iṣẹ́ Arlis nìyẹn. Mo máa ń sọ fún un pé, "Arlis, àgbò ni wọ́n gbà síṣẹ́ o." Á ní, "Sístà, àgbò tó ń jẹun kánú ni." Kò sì parọ́. Ó tún òrùlé ilé ìyá wa ṣe, ó fẹ́ Keturah, ọmọ olùkọ́ kan níbí, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Jolie.

Ṣùgbọ́n àgbò pọ̀ lọ́jà. Lọ́dọọdún, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó àwọn ọmọkùnrin tuntun dé, àwọn tí eegun ò tíì dùn rí. Tí ẹnì kan bá farapa, tó jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹlòmíì á gba ipò rẹ̀. Kóòṣì ò ní bú u, kò ní bá a jà. Wọ́n á kàn rán ẹnì kan wá kanlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ pé kó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wọ Arlis lára débi pé tó bá wà lọ́dọ̀ mi, tí aládùúgbò bá kanlẹ̀kùn pé òun fẹ́ yá iyọ̀, á ta gìrì bí ẹni tí ejò ká mọ́lé.

Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fún wọn nísinmi ráńpẹ́, ó sì wálé. Mo dín ẹja àrọ̀, mo se ẹ̀fọ́, mo yan búrẹ́dì àgbàdo, a jókòó sẹ́yìnkùlé, èmi, òun àti Keturah.

Ó ní, "Sístà, ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí Dozier kọ́ mi." Dozier ni àgbà nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà.

"Ọgbọ́n wo?"

"Tá a bá ti dé ibùdó nígbà ooru, wọ́n á mú wa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ hàn wá, wọ́n á fi àwòrán hàn wá, wọ́n á ní ká tẹ èyí tá a bá rántí, ká sì tètè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tọ́jú èsì yẹn. Tí orí ẹni bá wá fò lọ nínú eré, wọ́n á tún mú un jókòó sídìí ẹ̀. Tí èsì kejì bá burú ju tàkọ́kọ́ lọ, ó parí, kò ní ṣeré lọ́jọ́ Àìkú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibo wá ni ọgbọ́n wà níbẹ̀?"

Ó ju ẹja sẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣe ni kẹ́ ẹ fìdí rẹmi ní tàkọ́kọ́. Ẹ ṣe bí ọ̀dẹ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ pupa, ẹ tẹ dúdú. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ jàn-ànràn fún yín, ẹ rántí ẹyọ méjì. Tẹ́ ẹ bá wá forí gbá nǹkan lẹ́yìn ìyẹn, báwo lẹ ṣe fẹ́ gọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

Keturah bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Arlis, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Sístà, gbogbo wa là ń ṣe é."

"Tí gbogbo yín bá ń mu kẹrosíìnì ńkọ́?"

"Màá bu ṣúgà sí tèmi."

Keturah rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo kó àwo ẹja kúrò níwájú rẹ̀. Mo ní kó pe dókítà wọn, kó ní òun fẹ́ tún ìdánwò yẹn ṣe pẹ̀lú òótọ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. "Kẹ́ ẹ sì máa bọ́ mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí mo ti bọ́ ọ rí, mi ò sì fi ṣe ìrègún fún un rí.

Lọ́dún yẹn kan náà, ojú mi ló ṣe lórí tẹlifíṣàn. Ó sáré lọ bó ṣe máa ń ṣe, orí rẹ̀ lọ bá orúnkún ọkùnrin gìrìpá kan. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń figa gbága ló gbà lọ, ó fẹ́ lọ bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn èrò ìwòran ń rẹ́rìn-ín. Mo pariwo, "Ẹ mú un o! Ẹ bá mi mú un!" bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ mi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó pè mí: wọ́n ti mú un jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀, á ṣeré. Ohùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti ọ̀mùtí. Mo ní, "Arlis, ohùn ẹ ò dáa." Ó ní, "Sístà, oorun ni." Ó sì ṣeré lọ́jọ́ Àìkú.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọdún lé ọdún. Á forí gbá, ojú rẹ̀ á ṣú, wọ́n á dán an wò, wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Lọ́dọọdún, nígbà ooru, á tún lọ fìdí rẹmi lákọ̀tun. Dozier lọ, àwọn míì dé, àwọn míì lọ. Níkẹyìn wọ́n kan ilẹ̀kùn òun náà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó wálé. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

A kọ́kọ́ rò pé ìbànújẹ́ ni. Ó ń gbàgbé ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú, á lọ ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, á fi aṣọ bo fèrèsé. Lọ́jọ́ kan ó pe Jolie lórúkọ mi, ọmọ rẹ́rìn-ín, ló bá gbé àwo, ó là á mọ́ ògiri lókè orí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bi wá pé ta ló fọ́ àwo. Keturah fara dà á, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ tó máa lọ, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sístà Vernell, mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ ò sí nílé mọ́, mi ò sì mọ ẹni tó gba ipò rẹ̀." Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní Tampa. Mo kó ẹrù Arlis wá sílé mi.

Pásítọ̀ wa wá kí wa, ó ní ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín." Ó sì lọ.

Ohun tó wá kó mi láyà sókè jùlọ ni ti oko ìrèké. Tó bá di àsìkò ìkórè, wọ́n máa ń dáná sun oko kí wọ́n tó gé e, àwọn ọmọkùnrin á dúró létí rẹ̀, wọ́n á máa lé ehoro tó bá sá jáde. Gbogbo ọkùnrin ìlú wa ló ṣe é nígbà èwe wọn. Mo wà lórí bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n pè mí pé Arlis ti wọ inú iná lọ. Kì í ṣe etí oko o, inú iná gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ló wọ́ ọ jáde. Irun ojú rẹ̀ ti jóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ó ń bínú sí wọn pé wọ́n jẹ́ kí ehoro òun sá lọ. Ọ̀gá wọn bọ́ fìlà, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Bọ̀ọ̀dá Arlis ni gbogbo wa ń fẹ́ jọ nígbà tá a wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ mìíràn, a lè máà tètè rí i."

Ilé kan wà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Odi yí i ká, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ènìyàn àfi tí dókítà tí wọ́n yàn bá rí i pé eré bọ́ọ̀lù ló ba orí onítọ̀hún jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá nìyẹn. Bí wọn ò bá gbà á, èmi ni màá máa ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ mo ní láti gbé bọ́ọ̀sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá yíjú, àbúrò mi á jóná.

Mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Miami, lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n yàn, obìnrin ni, ọ̀dọ́ ni, ó ní ọ̀yàyà. Ó mú Arlis jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo wà lẹ́yìn wọn, mò ń wò. Ẹ̀yin ènìyàn, ọmọ náà gbìyànjú! Òógùn bò ó. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú. Á na ìka, á fà á sẹ́yìn, á wo dókítà lójú, á tún na ìka. Mi ò rí ibi tó ti làkàkà báyẹn rí, àní nígbà tó ń ṣeré. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ lọ bá a tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó parí, dókítà gbé èsì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó wò ó títí. Ó ní, "Mà, kò burú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bó ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún wọn náà ló ṣe rí lónìí."

Arlis pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó bọ dókítà lọ́wọ́. "Ẹ ṣé, mà! Ẹ ṣé gan-an!"

Mo ní, "Dókítà, irọ́ ni! Ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi ni! Gbogbo wọn ló ń ṣe é! Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi!"

"Mo gbọ́ yín, mà. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹlòmíì wà tó lè jẹ́rìí?"

"Òun fúnra rẹ̀ rèé! Arlis, sọ fún un. Ọgbọ́n tí Dozier kọ́ ẹ, sọ ọ́ fún dókítà."

Arlis wò mí. Ó wo dókítà, ó wo aṣọ funfun tó wọ̀. Mo rí i pé ó ń ronú, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ń dán lójú rẹ̀ bíi ti àtijọ́, inú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó dúró ṣánṣán, ó na àyà.

Ó ní, "Rárá o, mà. Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dán mi wò ni mo máa ń sa gbogbo ipá mi. Orí mi pé. Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí. Mo lè ṣeré lọ́jọ́ Àìkú."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn níbẹ̀, èmi tí mo tọ́ ọ, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kò yí ọ̀rọ̀ padà. Omijé wà lójú dókítà náà, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí òun rí nìkan ni òun lè kọ ránṣẹ́ sí wọn, pé òun ò lè kọ ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ sẹ́.

A wọ ọkọ̀, a kọrí sílé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí oko ìrèké lápá ọ̀tún, ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Sístà, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí."

Lọ́jọ́ Ajé, mo dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà fún iléèwé.